Ta Ní Sọ Pé Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Kò Gbọ́ Yorùbá?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti Iyah-Gbẹdẹ, ní ilẹ̀ Ìjùmú, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì ni ó gbà pé kò sí bí a ṣe lè fi èdè àwọn baba òun sọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn àwọn òyìnbó pàápàá kò gbè wọ́n.

Látìn ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ń jiyàn láyé àtijọ́. Ní 1637 ni René Descartes fi Faransé, èdè ilẹ̀ rẹ̀, kọ ìwé lórí bí ènìyàn ṣe lè lo làákàyè. Ó ní ìrètí pé ẹni tí ó ń lo làákàyè tí a bí mọ́ ọn yóò lè ṣe ìdájọ́ èrò òun ju ẹni tí kò gba nǹkan gbọ́ àfi ìwé àtijọ́ lọ. Ní 1687, Christian Thomasius kéde ní Leipzig pé èdè Jámánì ni òun yóò fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ yunifásítì Halle lélẹ̀ ní 1694.

Ní Halle yìí ni ọmọ Áfíríkà kan wọlé sí ní 1727: Anton Wilhelm Amo, tí a bí nítòsí Axim, ní Gánà òde òní, tí wọ́n sì gbé lọ sí Yúróòpù ní kékeré. Ní 1734, ó fi Látìn jiyàn ní Wittenberg pé ara ni ó ń ní ìmọ̀lára, kì í ṣe iyè inú ènìyàn. Ó sì ta ko Descartes.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Amo kalẹ̀ níwájú àgbà Iyah-Gbẹdẹ kan ńkọ́? Nínú Yorùbá, inú ni ó ń dùn, inú náà ni ó ń bí ni. Ọkàn ni ó ń bàjẹ́. Orí ni ó ń pé. Ojú ni ó ń ti ni. Nínú gbogbo wọ̀nyí, èwo ni ara, èwo ni iyè? Látìn kò lè bi wá ní ìbéèrè yìí. Èdè wa ni ó bí i.

Ìdí nìyí tí ó fi dunni pé ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tí ó fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì.

Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń wá iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí á sọ ọ́ nù. Descartes náà kò sọ Látìn nù. Òun ni ó fi kọ ìwé rẹ̀ ti 1641.

Kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ tọ àgbà lọ. Kí wọ́n bi í pé kí ni inú, kí ni ọkàn, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tí ó fi sọ ọ́. Bí àgbà bá sùn láìsọ ohun tí ó mọ̀, kò sí ìwé Látìn tí a ó ti rí i.