Wọ́n yìnbọn tán, wọ́n láwọn ò yìnbọn

Ọjọ́ Àìkú, Sánńdè, ọjọ́ keje, oṣù kẹfà, ọdún 1981 ni. Ẹni tó bá ti gbọ́njú n'Ífẹ̀ nígbà yẹn kò ní í gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ló jáde nínú ọgbà wọn tí wọ́n dà sí ìgboro. Ohun tó ń bí wọn nínú kò ju pé wọ́n pa ọ̀kan nínú wọn, Bùkọ́lá Arógundádé, wọ́n sì ní àwọn ọlọ́pàá ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà, wọn ò ṣe bí ẹni tó fẹ́ẹ́ wá àwọn apààyàn náà rí. Ṣé ẹni tí wọ́n pa èèyàn ẹ̀ kò gbọdọ̀ ké ni? Ibi tí wọ́n ti ń ké náà ni àwọn ọlọ́pàá ti da tajútajú bò wọ́n, tí ìbọn sì tún ń dún. Kí ọjọ́ náà tó parí, òkú akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti sùn. Bẹ́ẹ̀, òkú kan ṣoṣo ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kúrò nínú ọgbà.

Ẹ wo àwọn tó wà nípò nígbà náà o. Alhaji Shehu Ṣàgàrí ni ààrẹ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Èkó sì ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Sunday Adéwùsì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń gba àṣẹ. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà, torí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ifẹ̀ wà, ọdún 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Onwumechili ni gíwá yunifásítì. Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé kò tíì pé ọdún kan lórí àpèrè. Nínú gbogbo àwọn èèyàn ńláńlá yìí, àwọn tó láṣẹ lórí ìbọn ọlọ́pàá kò sí nítòsí Ifẹ̀ rárá. Gómìnà ni wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá, ìyẹn lè ní òun fẹ́ẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ààrẹ máa sọ. Oyè ńlá, agbára bíńtín. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí nígbà tí wàhálà ọdún 2020 dé.

Kì í sì í ṣe Ifẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kejì, ọdún 1971, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá àwọn aláṣẹ fà ní Yunifásítì Ìbàdàn tí ọlọ́pàá fi wọlé wá, ìbọn wọn ló sì gbẹ̀mí Kúnlé Adépéjù. Ìjọba ológun Yakubu Gowon gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, Adájọ́ Boonyamin Kazeem ni wọ́n fi ṣe alága. Orúkọ ọmọkùnrin náà ni wọ́n fi sọ ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ọdún 1978, ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ tún ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Ali Must Go, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó náà sì sin òkú tiwọn.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ìwé ìròyìn kíkà mọ ohun tí Alukoro ọlọ́pàá máa ń sọ lọ́jọ́ kejì. Ìbọn ló ṣèèṣì dún. Ọta ìbọn ló ṣìnà. Àwọn jàǹdùkú ló já wọ àárín wọn. Kò sẹ́ni tó kú. Bí òkú bá wá wà ní mọ́ṣúárì ńkọ́? Wọ́n á ní ìbọn tó pa á kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Àfi bíi pé wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ìbọn tó dún, orúkọ àdúgbò nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ SARS bẹ́ sílẹ̀ ní 2020 ni gbogbo ayé wá fojú rí i kedere. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, ni Mohammed Adamu tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká. Àwọn ọ̀dọ́ ò gbà á gbọ́, wọn ò sì jẹ̀bi, torí láti 2017 ni wọ́n ti ń sọ lọ́dọọdún pé àwọn máa tún SARS ṣe, àwọn máa pààrọ̀ orúkọ wọn, tí àwọn èèyàn náà sì tún ń dá ọmọ ọlọ́mọ dúró lójú títì nítorí pé ó gbé kọ̀ǹpútà dání. Wọ́n bá kọ̀, wọn ò kúrò lójú títì. Nígbà tó di alẹ́ ogúnjọ́ oṣù náà, àwọn sójà dé too-géètì Lẹ́kkì.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí àlàyé ṣe ń yí. Àwọn ológun kọ́kọ́ gbé àwọn ìròyìn tó jáde nípa ẹ̀ sórí Twitter, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sí i lára pé irọ́ ni. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọ́n ní lóòótọ́ làwọn lọ, ìjọba Èkó ló pe àwọn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí, wọ́n ní ọta tí kì í pààyàn làwọn yìn. Ìgbà tí wọ́n wá bi wọ́n síwá bi wọ́n sẹ́yìn, wọ́n ní ọta gidi náà wà lọ́wọ́ àwọn. Ṣé irọ́ mẹ́rin nìyẹn ni, àbí òótọ́ kan tí wọ́n ń bù jẹ díẹ̀díẹ̀? Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀, DJ Switch, ti fi fóònù ẹ̀ gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn n'Ífẹ̀ àti ní Ìbàdàn ń wò ó. Bí kì í bá ṣe fóònù yẹn ni, àlàyé àkọ́kọ́ ni wọn ì bá dúró lé.

Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi ṣe alága ẹ̀ jókòó fún nǹkan bí ọdún kan. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní oṣù kọkànlá, ọdún 2021, wọ́n to orúkọ èèyàn 48 sílẹ̀, àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọta àti àwọn tí wọ́n lù. Wọ́n ní 11 nínú wọn kú, wọn ò rí àwọn 4, wọ́n sì gbà pé àwọn náà ti lọ. Ìjọba Èkó ní àwọn ò gba ibi tí wọ́n ti sọ pé èèyàn 9 kú ní too-géètì. Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn ní àlọ́ lásán ni ìwé náà. Òun yìí kan náà ló ti kọ́kọ́ sọ pé ìpakúpa tí kò ní òkú ni. Ó wá di oṣù keje, ọdún 2023, ìwé kan já sóde láti iléeṣẹ́ ìjọba Èkó, wọ́n fọwọ́ sí 61,285,000 náírà láti fi sin òkú 103 papọ̀. Ìjọba ní kì í ṣe òkú Lẹ́kkì, wọ́n ní láti àwọn àdúgbò mìíràn ni wọ́n ti kó wọn jọ lásìkò rògbòdìyàn ọdún 2020. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ta wá ni wọ́n? Kí ló pa wọ́n? Ẹni tí ọmọ ẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà tí kò padà wálé ò lè fi irú èsì yẹn sùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń parọ́ o. Nínú ọ̀sẹ̀ Lẹ́kkì yẹn náà, ọ̀pọ̀ fọ́nrán tó ń fò kiri orí fóònù kì í ṣe ti Lẹ́kkì, àwọn mìíràn kì í ṣe ti Nàìjíríà pàápàá. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí inú ń run. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1989, nígbà tí ìlú ń gbóná nítorí SAP, ìròyìn gba ìgboro pé ìwé ìròyìn Ebony ti Amẹ́ríkà tú àṣírí owó tí Babangida kó jẹ. Èèyàn ń sọ fún èèyàn pé òun mọ ẹni tó kà á. Ìwé náà ò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Ebi tó wà nílùú kì í ṣe irọ́, ìbọn tí wọ́n yìn sí wọn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n irọ́ kékeré yẹn ló fún ìjọba lẹ́nu. Bí ayédèrú àwòrán kan bá ti wọ àárín ojúlówó mẹ́wàá, ayédèrú yẹn ni Alukoro máa gbé dání wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá fi àwòrán tí kò mọ orísun ẹ̀ ránṣẹ́ ti bá wọn fọ ọwọ́ wọn mọ́.

Òkú ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀. Mohammed Adamu sọ pé ọlọ́pàá 22 ni wọ́n pa lọ́dún náà, Amnesty International ní ó kéré tán, èèyàn 56 ló kú káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ọlọ́pàá tí wọ́n dáná sun ní Ìbàdàn náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì lè jẹ́ pé kò bá SARS ṣiṣẹ́ rí. Bárékè tí òjò ń dà sí lórí ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ẹni tó bá ní kí wọ́n sọ òótọ́ nípa òkú akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nípa òkú tiwọn náà.

Ní Ọ̀ṣun, Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá bá àwọn ọ̀dọ́ fẹsẹ̀ rìn ní Òṣogbo lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ó dé Ọlá-Ìyá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ lu òun àtàwọn tó tẹ̀ lé e. Ìjọba ní jàǹdùkú ni, àwọn tó ń wọ́de ní kì í ṣe àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tiwọn náà kalẹ̀, Adájọ́ Akin Ọládiméjì tó ti fẹ̀yìntì ni alága, àwọn èèyàn sì kó ẹjọ́ ọlọ́pàá wá síwájú ẹ̀. Lọ́nà mìíràn, ìyẹn nìkan ti tó nǹkan, kí mẹ̀kúnnù dúró níwájú adájọ́ kó nàka sí ọlọ́pàá lójú ará ìlú.

Ifẹ̀ ní ìdí tirẹ̀ tí kò fi ń yára gba ọlọ́pàá gbọ́. Nígbà tí ìjà Hausa àti Yorùbá ṣẹlẹ̀ ní Sàbó ní oṣù kẹta, ọdún 2017, èèyàn 46 ni ọlọ́pàá sọ pé ó kú. Nígbà tó yá, wọ́n kó èèyàn 20 jáde l'Ábújà fáwọn oníròyìn pé àwọn ló wà nídìí ẹ̀, Yorùbá sì ni gbogbo wọn. Àwọn èèyàn béèrè pé ṣé ọwọ́ kan ṣoṣo ló pàtẹ́wọ́ ni. Ẹni tó jẹ̀bi lè wà nínú wọn o, ilé-ẹjọ́ ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́ kankan ni gbogbo ayé ti rí ojú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ṣì máa ń bi àwọn tó ń wọ́de pé, "Níbo lẹ ti gba ìwé àṣẹ?" Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ti dá a lẹ́jọ́ ní 2005 pé kò sí ìwé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó wọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọlọ́pàá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìdájọ́ náà dúró, Adájọ́ Olúfúnmiláyọ̀ Adékẹ́yẹ ló kà á. Fẹ́mi Fálànà, tó kàwé lọ́ọ́yà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ni lọ́ọ́yà ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP tó pẹjọ́ náà. Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 sì ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti dáàbò bo àwọn tó ń wọ́de. Ìyẹn ni pé, tí àwọn èèyàn bá ń rìn láti géètì yunifásítì gba Mayfair àti Lágere lọ sí Ẹnuwà, ọlọ́pàá tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ̀ṣọ́ wọn ni. Kí ló wá dé tó fi máa ń bo orúkọ tó wà láyà ẹ̀?

Àwọn mẹ́ta kan gbé ọ̀rọ̀ Lẹ́kkì kọjá ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà, wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ ECOWAS, DJ Switch wà nínú wọn. Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje, ọdún 2024 ni ìdájọ́ jáde. Ilé-ẹjọ́ ò gba ẹ̀sùn pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ìwàláàyè àwọn mẹ́ta náà lójú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ wọn láti péjọ àti láti sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kó san 2,000,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sì ṣèwádìí.

Inki ìdájọ́ yẹn ò tíì gbẹ tí ìwọ́de oṣù kẹjọ fi dé. Wọ́n kó èèyàn jọ. Nígbà tí wọ́n gbé 76 nínú wọn lọ sílé-ẹjọ́ l'Ábújà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, pé wọ́n fẹ́ẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀, ọmọdé pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti rù hangogo. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà ti gbé ọ̀rọ̀ jáde, ó ní eré tí wọ́n ti kọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe láti pe àwọn oníròyìn. Ọjọ́ kẹta ẹ̀ ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ bá igbákejì ààrẹ nílé ìjọba kí wọ́n tó fà wọ́n lé àwọn gómìnà Kano àti Kaduna lọ́wọ́.