Ààlà Ìpínlẹ̀ Kọ́ Ni Ààlà Ìlú

Wọ́n tún ti gbé e dé láàárọ̀ yìí: Kánò ni èèyàn rẹ̀ pọ̀ jù ni àbí Èkó? Láti ìgbà ìkànìyàn 2006 la ti ń fà á. Àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà, NPC, ní Kánò jẹ́ 9,401,288, Èkó 9,113,605. Ìjọba Èkó ka tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní àwọn lé ní mílíọ̀nù 17. Kí wọ́n máa bára wọn jà lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìpínlẹ̀ ni àwọn méjèèjì kà, wọn ò ka ìlú. Wọ́n kà dé ibi tí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ parí sí, wọ́n sì ká ìwé wọn ńlẹ̀. Télọ̀ wo ló ń wọn ẹ̀wù dé èjìká, tó wá ní apá kò kan òun? Ààlà ìpínlẹ̀ kọ́ ni ààlà ìlú!

Ẹ lọ dúró ní Berger, lẹ́nu ààlà Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ìdájí. Bọ́ọ̀sì láti Mówè, Ìbàfò, Akútè àti Alágbólé ń já èrò sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹlòmíì ṣì ń jẹ búrẹ́dì lọ́nà, oorun ò tíì dá lójú ẹlòmíì. Ògùn ni wọ́n sùn, Èkó loúnjẹ wọn wà. Reluwé Red Line tí ìjọba Èkó kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérò lọ́dún 2024, Agbádó ló ti ń gbéra, ilẹ̀ Ògùn sì ni. Reluwé mọ ibi tí èrò Èkó ń sùn, ìwé ìkànìyàn ni ò mọ̀. Lọ́dún 2006, Adó-Odò/Ọ̀tà nìkan jẹ́ 526,565, Ifọ̀ náà sì lé ní ìlàjì mílíọ̀nù. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì péré nínú ogún, àwọn ló kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èèyàn Ògùn. Kí ló kó wọn jọ síbẹ̀, bí kì í bá ṣe owó ilé Èkó tó ń lé wọn?

Mo ti mọ ẹni tó fẹ́ pè wá: "Ṣé ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ Ògùn fún Èkó ni?" Ó tì o, ẹ̀gbọ́n. Ní Amẹ́ríkà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin òṣìṣẹ́ káúńtì kan bá ń lọ síṣẹ́ ní àárín ìlú ńlá kan, wọ́n á ka káúńtì náà mọ́ ìlú yẹn, ìpínlẹ̀ yòówù kó wà. Bẹ́ẹ̀ ni apá kan New Jersey ṣe wà nínú iye èèyàn New York, gómìnà New Jersey ò sì pàdánù ilẹ̀ kankan. Lọ́dún 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ìlú padà: Jakarta gba ipò kìíní pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 42, Tokyo tó ti wà níwájú já sí ipò kẹta. Ẹnikẹ́ni ò kẹ́rù kúrò ní Tokyo. Ibi tí wọ́n fa ààlà sí ló yí padà.

Ẹlòmíì á ní NPC nìkan lòfin fún láṣẹ láti kà. Ó dáa, kí wọ́n kà á! Wọ́n fi í sí May 2023, wọ́n tún sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kà wá kẹ́yìn ti tó ìbò ó dì.

Ìdí tí wọ́n fi dì mọ́ ìpínlẹ̀ ò pamọ́. Nínú owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín l'Ábújá, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi iye èèyàn pín. Owó nìyẹn, ó yé wa. Àmọ́ owó yẹn kọ́ ló máa tún ọ̀nà Akútè ṣe nígbà tí Èkó bá ní ti Ògùn ni, tí Ògùn sì ní mọ́tò Èkó ló bà á jẹ́. Ta ló máa fa omi débẹ̀? Ta ló máa kó ìdọ̀tí wọn? Ààlà ìpínlẹ̀ kọ́ ni ààlà ìlú, mo tún un sọ!

Kí Àjọ NPC fún Kánò àti Èkó ní iye wọn, kí wọ́n sì fún ìlú Èkó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti Badagry dé Ọ̀tà dé Mówè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́yìn Berger, ọjọ́ tí akànìyàn bá kanlẹ̀kùn yín, ẹ má jẹ́ kó lọ láìkọ ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀.