Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Wa ní Ọ̀rọ̀ Sísọ?



Àìsàn kan ti wọ ilé wa, a kò sì fẹ́ pè é lórúkọ. Àwọn òbí tí Yorùbá dùn lẹ́nu wọn ti sọ ọ́ di èèwọ̀ fún ọmọ wọn. Bí ọmọ ọdún méjì bá ní òun fẹ́ mu omi, wọ́n á ní àfi kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kí wọ́n tó bu omi fún un. Ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó èyí tí yóò fi dá àpárá ń fi ìwọ̀nba tí ó gbọ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: wá, jókòó, dákẹ́, má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, a gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ pé kí ìyẹn máa kọ́ ọ. Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn, àbí ìyà?

A kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà o. Òun ni wọ́n ń lò ní ilé-ìwé àti níbi iṣẹ́, ó sì yẹ kí ọmọ wa gbọ́ ọ dáadáa. Irọ́ tí à ń bá jà ni èyí tí ó ní kí Yorùbá kọ́kọ́ kú lẹ́nu ọmọ kí Gẹ̀ẹ́sì tó lè ráyè wọlé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn. Bí ilé-ìwé bá ti tilẹ̀kùn, ilé wa ni ó kù. Bí àwa náà bá tún ti tiwa ńkọ́?

Ọlọ́hun Ọba fi yé wa nínú Súrátù Ìbúráhímù pé kò sí òjíṣẹ́ kan tí Òun rán bí kò ṣe pẹ̀lú èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó lè ṣàlàyé fún wọn. Báwo wá ni ọmọ tí kò gbọ́ èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò ṣe gbọ́ àlàyé? Ní ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí wa, Yorùbá ni àlùfáà fi ń ṣe wáàsí. Ọmọ náà yóò jókòó síbẹ̀ bí àlejò. Ìyá àgbà yóò máa ṣe àdúà fún un, kò ní mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti ṣe àmín. Ẹni tí ó bá sì ń sọ pé èdè ẹlẹ́bọ ni Yorùbá, kí ó rántí pé láti inú èdè Lárúbáwá ni àlàáfíà, àlùbáríkà àti wáàsí ti wá bá Yorùbá gbé.

Kí ni kí á ṣe? Kò gba owó. Ẹnu ẹni tí ó ń dá ọmọ lóhùn ni ọmọ ti ń kọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kì í dáni lóhùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan má wo tẹlifíṣàn tàbí fóònù rárá, kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Bí ọmọ ọwọ́ bá ń ṣe "bà-bà-bà", ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó tún sọ tirẹ̀. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa dárúkọ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti etí rẹ̀. Bí ó bá ní "omi", ẹ fi kún un: "O fẹ́ mu omi tútù?" Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ tún un sọ bí ó ti yẹ. Ẹ máa ki í láàárọ̀, kí ẹ sì pàlọ́ fún un lálẹ́. Bí ó bá ń ṣe bísímílà kí ó tó jẹun, kí ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ ìyá ni.

Bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò sì tí ì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ má ṣe fi "yóò sọ̀rọ̀ tó bá yá" tan ara yín. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má sì di ẹ̀bi ru Yorùbá, nítorí gbígbọ́ èdè méjì kì í dá ọmọ lẹ́nu dúró.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a kò bá sọ̀rọ̀ nílé, kí ni yóò kó jáde? Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á bí ọmọ tí a kò ní lè bá sọ̀rọ̀. Àmín.