Sípíkà oníwo, pálọ̀ tí àjà rẹ̀ rẹlẹ̀, àti etí Màmá

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé orí ń fọ́ òun, pé nǹkan ń ké létí òun bí ìrẹ̀ lóru. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí, nọ́ọ̀sì ṣáà ni mí. Mo wọn ìfúnpá wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ohun tó yàtọ̀. Àṣé igun pálọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ mi ọkùnrin ló kan sípíkà oníwo méjì síbẹ̀ nígbà tó wálé fún ìsinmi. Mo kọ́kọ́ bínú nítorí owó plywood, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo dákẹ́. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí giramafóònù àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ là bí òdòdó? Ìwo yẹn ló ń gbé ohùn abẹ́rẹ́ kékeré jáde kí gbogbo ilé lè gbọ́, láìsí iná rárá. Ní 1925, iléeṣẹ́ Victor ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n ká ìwo gígùn sínú àpótí rẹ̀ jáde. Ọgbọ́n yẹn náà ni ti sípíkà yìí.

Ìdí tí wọ́n fi ń ká a rèé. Ohùn ìsàlẹ̀, irú ti gbẹ̀du, máa ń gùn nínú afẹ́fẹ́. Èyí tó ń gbọ̀n nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28. Ìwo tó fẹ́ gbé e jáde dáadáa yóò gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 7. Àjà pálọ̀ wa kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Bí a bá nà án tàn bíi kàkàkí, ibo la fẹ́ jókòó sí? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi pákó pín inú àpótí, tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ á máa lọ, á máa bọ̀, á sì máa fẹ̀ sí i títí yóò fi dé ẹnu. Paul Klipsch, tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Hope ní Arkansas, tún fi ọgbọ́n kan kún un nínú Klipschorn rẹ̀ tó jáde ní 1946: igun yàrá ló ní kí wọ́n gbé e sí, kí ògiri méjèèjì àti ilẹ̀ lè di ara ẹnu ìwo náà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí àpótí rẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti díẹ̀ lọ.

Ibi tó kan nọ́ọ̀sì nìyí. Wáàtì kan péré máa ń mú Klipschorn pariwo tó nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 105 fún ẹni tó wà ní mítà kan sí i. Sípíkà tó ń mú 90 wá lórí wáàtì kan yóò nílò bíi wáàtì 30 kó tó dé ibẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń lo ínfátà, àmọ́ ó ń tan etí jẹ. Sípíkà lásán máa ń há bó bá ti pọ̀ jù, a ó sì tètè ní kí wọ́n dín in kù. Ti oníwo máa ń mọ́ gaara, a kì í fura.

Ti ọmọ mi kò tó ti Klipsch. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi fóònù wọn ariwo níbi àga Màmá, nítòsí igun yẹn gan-an, 91 ni mo bá. Fóònù kì í péye tán, ṣùgbọ́n ó tó fún ìkìlọ̀. Ìlànà NIOSH, àwọn tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni wákàtí 8 lójúmọ́ fún 85. Bó bá ti fi 3 lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì. Wákàtí 2 péré nìyẹn fún 91. Màmá sì máa ń jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán di alẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ẹni tí kò ní fóònù bẹ́ẹ̀, bó bá di pé ẹ ní láti gbóhùn sókè kí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó tó gbọ́ yín, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbà, ẹ fetí sí èyí. Bí ọjọ́ orí bá ń ga, ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ létí, irú èyí tó wà nínú s, f, t àti k. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé, “Mò ń gbọ́ yín o, ohun tí ẹ ń sọ ni kò yé mi.” Bí a bá yí ohùn sókè, bùm-bùm ìsàlẹ̀ náà á pọ̀ sí i, á sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àjà tó rẹlẹ̀ tún ń dá kún un: láàárín ilẹ̀ àti àjà ẹsẹ̀ bàtà 8, ohùn tó ń gbọ̀n ní bíi 70 á máa lọ á máa bọ̀, á sì wú.

A kò gbé sípíkà kúrò ní igun, torí ibẹ̀ ló ti wúlò. Àga Màmá la gbé lọ sí òdìkejì. Ìwo kékeré tó ń gbé ohùn òkè kò ṣeé ká, ohùn tín-ín-rín kì í yà kọ́nà dáadáa. Ọmọ mi gbé e sí ibi tó bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba, ó kọjú rẹ̀ sí wọn tààrà. Ó dín bùm-bùm kù, mo sì ta aṣọ nínípọn sí fèrèsé, mo tẹ́ rọ́ọ̀gì. Bíi 70 ni fóònù ń kà níbi àga wọn báyìí, wọ́n sì ń gbọ́ ìròyìn yékéyéké.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ dán an wò, ìta ni kó ti fi ayùn gé pákó, kó fi nǹkan bo imú. Eruku pákó kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá níbi tí ọmọ onífé bá wà. Kó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé pátá, nítorí ihò díẹ̀ á ba ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́. Kó sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ẹnu ìwo. Ṣíbí mẹ́ta àti bàtà ọmọ kan la ti yọ nínú tiwa. Eku ni mò ń retí tẹ́lẹ̀.

Mo ṣì mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Ìdọ̀tí líle ni wọ́n bá létí òsì, wọ́n yọ ọ́, igbe ìrẹ̀ náà sì ti rọlẹ̀ púpọ̀, kò tíì tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró gbígbóná sétí, ẹ má sì fi ìyẹ́ adìyẹ gbọ́n ọn. Bí etí kan bá ṣàdédé di lójijì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ wíwú ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí.