Ta Ló Ní Yorùbá Ò Gba Ariwo?

Àwọn mẹ́rin kan ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ ń kọ orin rọ́ọ̀kì. Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Máìlì 12 lójú ọ̀nà Ìkòròdú ni mò ń wí, kì í ṣe èyí tó wà lọ́nà Àpápá. Orin wọn kan dá lórí omi odò Ògùn tó máa ń ya wọ ilé wa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá ẹni tó ń lé orin fún wọn ń ta tòmátì lọ́jà, wọn ò sì gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ń ké lé lórí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò fi Yorùbá kọ ọ́?" Wọ́n ní, "Àbúrò, Yorùbá ò gba ariwo. Tí mo bá figbe ta, ọ̀rọ̀ á dàrú."

Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí, torí pé ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Bí akọrin bá gbé "ọkọ̀" sókè kí orin lè dùn, ó ti di ọkọ́ àgbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ tú orin ìyìn sí Yorùbá kó sí wàhálà yìí: wọ́n ki ọ̀rọ̀ wa bọ inú orin tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina láti 1914 di 1962, tìtorí èyí kọ ìwé jáde ní 1953. Ohun tó ń wí ni pé kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Mo bá fún ẹ̀gbọ́n ní àwo kejì Aṣa, Beautiful Imperfection, tó jáde ní 2010. Mo mọ̀ pé Aṣa kì í ṣe ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì, ẹ má bá mi jà. Ṣùgbọ́n nínú àwo àkọ́kọ́ tí òun àti Cobhams Asuquo ṣe ní 2007, ńṣe ló dà bí ẹni tó jókòó tì wá. Nínú ìkejì, ó dìde dúró. Ìlù le sí i, ohùn náà sì là. Ẹ gbọ́ "Be My Man", kí ẹ wá gbọ́ "Bímpé". Agbára tó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì kò dín nínú ìkejì. Àmì orí ìwé nìkan ló ṣìnà: wọ́n kọ "Broda Olé", bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé olè ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe fonọ́lọ́jì, ẹ rántí pé ohùn òkè kì í ṣe ibi kan pàtó lórí dùùrù. Ó kàn ga ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ lè gbé gbogbo gbólóhùn sókè títí ọ̀nà ọ̀fun á fi há, kí ọ̀rọ̀ sì dúró bó ṣe wà. Ohùn ọ̀rọ̀ kò sì sọ bí a ṣe máa kígbe tó, tàbí ìgbà tí a máa jẹ́ kí ìlù dáhùn. Ibẹ̀ gan-an ni agbára Aṣa wà. Lóòótọ́, akọrin máa ń tẹ ohùn díẹ̀ nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń gbà á là.

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wá sí Máìlì 12 láàárọ̀. Àwọn kọ̀ndọ́ ń pariwo "Kétu!" àti "Ìkòròdú!" títí ohùn wọn fi há, síbẹ̀ n ò tíì rí ẹni tó torí ariwo wọn wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwa tí à ń fa ìlà òkè àti ìsàlẹ̀ sórí bébà ní ẹ̀ka yìí, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó ti àwọn olórin àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n ti ní àwọn á fi Yorùbá gbìyànjú ẹsẹ̀ kan. Ìyá tó ń ta tòmátì ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.