Àìnísùúrù Kọ́ Ni Ó Pa Wọ́n

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2014, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lé ní ìdajì mílíọ̀nù jáde káàkiri Nàìjíríà láti wá iṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de tí ààyè rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4,500 lọ. Ó kéré tán, ènìyàn 15 ni èrò tẹ̀ pa ní Àbújá, Minna, Port Harcourt àti Benin. Wọn kò tíì sin wọ́n tán tí mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà kàn fi sọ ní gbangba pé àìnísùúrù wọn ni ó pa wọ́n.

Ibikíbi tí èrò bá ti kú, ẹni tí ó pè wọ́n jọ ni ó máa ń kọ́kọ́ dá wọn lẹ́bi. Yóò ní ìpáyà ni. Yóò ní ará ìlú kò gbọ́ràn. Yóò ní ọ̀kánjúà oúnjẹ ni. Òkú kì í fèsì. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣirò ti fèsì fún wọn.

Ní ọdún 2000, Dirk Helbing, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, pẹ̀lú Illés Farkas àti Tamás Vicsek, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì, fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé èrò tí ń sá fún ewu. Olúkúlùkù ní ibi tí ó dúró sí àti ìwọ̀n ìyára ẹsẹ̀ rẹ̀; ó ń wá ẹnu ọ̀nà, ó sì ń yẹra fún ògiri àti fún ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí èrò bá ti kánjú kọjá ààlà, ṣe ni jíjáde wọn ń falẹ̀ sí i, nítorí pé wọ́n há mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti da àgbàdo sínú ìgò rí mọ̀ ọ́n. Àǹfààní ẹ̀rọ náà ni pé ènìyàn lè fi ẹnu ọ̀nà kan kún un, kí ó sì tún un ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún, láìjẹ́ pé ọmọ ẹnikẹ́ni ṣubú.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 2006, àwọn alálàájì tí wọ́n lé ní 340 kú níbi òkò jíjù ní Mínà, nítòsí Mẹ́kà. Helbing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ fíìmù ọjọ́ náà wò. Èrò kọ́kọ́ ń lọ geere. Lẹ́yìn náà wọ́n ń lọ, wọ́n ń dúró. Nígbà tí ó tún lé ní 20 ìṣẹ́jú, wọ́n di ìgbì tí ń gbé ẹni síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ènìyàn mẹ́fà tàbí méje bá ti wà lórí ilẹ̀ tí kò ju mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ẹsẹ̀ ẹni kì í ṣe ti ẹni mọ́. Ènìyàn a kú ní ìdúró, nítorí pé àyà rẹ̀ kò rí ààyè fi mí. Ẹni ẹ̀yìn kò sì mọ̀ pé ẹni iwájú ti ṣubú. Níbo ni àìnísùúrù wà nínú èyí?

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pàápàá kò mọ́ pátápátá. Àfarawé tí ó sọ ènìyàn di òkúta wẹ́wẹ́, tí olúkúlùkù ń dá sá lọ, irọ́ ni. Nígbà tí iná jó ilé ìgbádùn Summerland ní erékùṣù Man ní ọdún 1973, tí ènìyàn 50 kú, ìwádìí fi hàn pé àwọn òbí wá ọmọ wọn kí wọ́n tó wá ọ̀nà. Ìyá wo ni yóò fi ọmọ sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ní kí ó máa lọ?

Ẹ̀rọ kò sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, ilé ìkóhun-ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Bọ́ǹbù kọ́ ni ó pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n kú. Wọ́n sá nínú òkùnkùn, wọ́n di ọmọ mú, wọ́n sì bọ́ sínú omi Òkè-Àfà tí ewéko bo ojú rẹ̀. Ọmọdé Ìsọlọ̀ mọ ibi tí omi náà wà. Ta ni ó bi í?

Ní oṣù kejìlá, ọdún 2024, láàrin ọjọ́ mẹ́rin péré, ọmọ 35 kú níbi àríyá ọmọdé ní Ìbàdàn, ènìyàn 10 kú níbi ìpín oúnjẹ ní Àbújá, àwọn mìíràn sì kú ní Okija. Ìṣirò tí ìbá ti kìlọ̀ kò tilẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà. Nǹkan bí 80 ènìyàn ni ó lè gba ẹnu ọ̀nà oní-mítà-kan kọjá dáadáa láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí 5,000 bá pé jọ, tí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ mítà méjì ṣí sílẹ̀, ó lé ní ìdajì wákàtí kí gbogbo wọn tó jáde, bí wọ́n tilẹ̀ ní sùúrù bí ìgbín.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò wà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà wà, gbọ̀ngán ìdánwò wà. Ẹnu ọ̀nà kejì gbọ̀ngán náà sì wà, pẹ̀lú àgádágodo lára rẹ̀ nítorí olè. Kí wọ́n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn, kí wọ́n sì gbé iye ìṣẹ́jú tí wọ́n bá rí lọ sí ọ́fíìsì ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.