Ẹ̀yáwó fún Ọmọbìnrin Tó Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìlá, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti abúlé gbogbo, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò ní fi ọ̀kan pe méjì níbẹ̀.

Ṣebí àwọn ìyá wa ló ń ṣe epo? Àwọn ló ń ra ẹyìn, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń rù ú lọ sídìí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dẹnukọlẹ̀, wọn a jókòó tì í, wọn a máa retí mẹkáníìkì tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ẹyìn tí a ti já kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó ti ń pẹ́ nílẹ̀ ni epo inú rẹ̀ ń kan, epo tó bá sì kan, oníbàárà ò ní san owó gidi lé e. Owó tí ẹgbẹ́ yá ìyá yẹn ló ń ṣòfò o! Owó mẹkáníìkì pàápàá, ìlú ẹlòmíràn ló ń lọ.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá tó mọ iye ọjọ́ tó yẹ kí pákí rírin lò nínú àpò kí oró rẹ̀ tó rọlẹ̀, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó fún un níwèé ẹ̀rí. Ọmọ Òṣogbo tòsí wa níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adénikẹ̀ẹ́ Ọ̀ṣọ́fisan, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1989. Ní Èkó, Sandra Aguebor dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ lọ́dún 2004 láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní àtúnṣe ọkọ̀.

Ẹni tó fẹ́ rajà, a ń yá a lówó. Ẹni tó fẹ́ ṣòkú (ẹ má bínú o), òun náà ń rí i gbà. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ sí Pólì Ìrèé tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ Ẹ̀sà-Òkè, wọn a ní kó lọ bá bàbá ọmọ.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n ya apá kan èrè ọdún yìí sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀, kí èlé rẹ̀ kéré. Bí ọmọ bá relé ọkọ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ tó wà nínú ìwé wa ni yóò san án, bó ṣe ń san ti epo. Ọmọkùnrin tí a yáwó fún, ṣebí Èkó ló ń gbà lọ, a kì í sì í bi í.

Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé.